Gbígbé Ìpè Kọ́ Ló Ń Jí Nọ́ńbà

Ìkìlọ̀ kan ti ń kiri orí WhatsApp láti ọdún pípẹ́, kò sì yọ Ìlọ́fà àti àwọn ìlú Òkè-Ẹ̀rọ yòókù sílẹ̀: bí nọ́ńbà àjèjì báyìí-báyìí bá pè yín, ẹ má gbé e, torí bí ẹ bá ti wí "ẹ̀lóò" pẹ́nrẹ́n, nọ́ńbà yín ti bọ́ sọ́wọ́ olè, owó báǹkì yín sì ti tẹ̀lé e. Èrò mìíràn wà tó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀: pé ẹni tó ń lo fóònù kékeré oníná, tí kì í tan íntánẹ́ẹ̀tì, ti bọ́ nínú ewu. Èrò méjèèjì kò tọ̀nà, ìdí kan náà ni wọ́n sì fi ṣìnà: wọ́n gbà pé inú fóònù ni nọ́ńbà wà.

Kò sí níbẹ̀. Ohun tó wà nínú síìmù ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti káàdì náà fúnra rẹ̀, àti kọ́kọ́rọ́ àṣírí kan tí òun àti iléeṣẹ́ tẹlifóònù jọ mọ̀. Nọ́ńbà tí àwọn èèyàn fi ń pè yín, inú àkọsílẹ̀ iléeṣẹ́ ló wà, lórí kọ̀ǹpútà wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé nọ́ńbà báyìí, káàdì báyìí ló ń lò ó. Bí ẹnikẹ́ni bá pè yín, kọ̀ǹpútà á wo àkọsílẹ̀ yìí, á sì darí ìpè síbi tí káàdì náà wà. Ìpè tí ẹ gbé kò lè yí àkọsílẹ̀ yẹn padà, bó ti wù kí ẹni tó pè gbọ́n tó. Òṣìṣẹ́ tàbí aṣojú iléeṣẹ́ tó ní àṣẹ ló ń yí i.

Yíyí i padà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Òun ni gbogbo wa mọ̀ sí "welcome back": síìmù sọnù tàbí ó bàjẹ́, ẹ lọ sí ọ́fíìsì, wọ́n fún yín ní káàdì tuntun, nọ́ńbà yín padà wálé. Láti 2011 tí ìforúkọsílẹ̀ síìmù ti di dandan ní Nàìjíríà, pàápàá láti oṣù Kejìlá 2020 tí ìjọba ti pàṣẹ pé kí gbogbo síìmù so mọ́ NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, ó yẹ kí wọ́n dá ẹni tó ni nọ́ńbà mọ̀ dájú kí wọ́n tó ṣe é. Ibi tí olè ń gbà wọlé nìyí. Á kó orúkọ, ọjọ́ ìbí àti NIN ẹlòmíràn jọ, á gbé ìwé ìbúra èké lọ, tàbí kó bá aṣojú aláìṣòótọ́ lẹ̀dí àpò pọ̀. Bí káàdì tuntun bá ti ń ṣiṣẹ́, tiyín á kú, gbogbo kóòdù tí báǹkì bá fi ránṣẹ́ sí yín á sì máa bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀.

Àìmọ̀wé kọ́ ló ń fà á. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kìn-ín-ní 2024, ọ̀nà yìí gan-an ni wọ́n fi gba nọ́ńbà tó so mọ́ àkáǹtì X ti SEC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣọ́ ọjà ìdókòòwò, tí wọ́n sì fi kéde irọ́ nípa Bitcoin lórúkọ àjọ náà. Ayédèrú káàdì ìdánimọ̀ ni ẹni tí wọ́n rán fi gba síìmù tuntun ní ṣọ́ọ̀bù. Fóònù kékeré kò sì gba ẹnikẹ́ni là: kóòdù báǹkì tí a ń tẹ̀, tó ń parí pẹ̀lú háàṣì, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà ló fi ń dá oníbàárà mọ̀. Ìlànà tí CBN, báǹkì àpapọ̀ Nàìjíríà, gbé jáde ní 2018 fi ₦100,000 ṣe òpin owó tí èèyàn lè fi kóòdù yìí gbé lójúmọ́. Ó dín àdánù kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí àgbẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ta iṣu bá fi ọjọ́ mẹ́ta dúró kó tó fura, owó iṣu ti lọ.

Ìkìlọ̀ WhatsApp náà kò ṣàdédé wáyé. Ọ̀pọ̀ jìbìtì ń ti orí ìpè bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ohun tí a bá fẹnu ara wa sọ ni olè ń wá. Á ní báǹkì ni òun ti ń pè, pé wọ́n fẹ́ ti BVN yín, nọ́ńbà ìdánimọ̀ yín ní báǹkì, pa, kí ẹ yára ka nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù yín fún òun. Ewu àṣìṣe yìí ni pé ojú ọ̀nà tí olè kò gbà là ń ṣọ́. Ẹni tí kì í gbé ìpè àjèjì lè gbàgbé ìwé NIN rẹ̀ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì, tàbí kó tẹ̀ka lẹ́ẹ̀mẹta fún ẹni tó ń ta síìmù lábẹ́ agboòrùn torí ó ní ti àkọ́kọ́ kò wọlé, láì béèrè iye síìmù tí ìka òun ti gbà jáde.

Ní ìgbèríko bíi tiwa, àṣìṣe kan tún wà tó jọ ọgbọ́n. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì máa ń lọ, ó máa ń bọ̀; bí fóònù bá dákẹ́ láti àárọ̀, ẹjọ́ òpó iléeṣẹ́ là ń rò. Bẹ́ẹ̀ sì ni àìsí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni àmì àkọ́kọ́ pé wọ́n ti yí síìmù ẹni. Ẹ wo fóònù ẹlòmíràn tó ń lo iléeṣẹ́ kan náà. Bí tirẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ tí tiyín kò ṣiṣẹ́, ẹ fi tirẹ̀ pe nọ́ńbà yín. Bí ó bá ń dún létí rẹ̀ tí fóònù yín sì dákẹ́ lọ́wọ́ yín, ọ̀ràn ti kúrò ní ti òpó.

Olè tó jí fóònù kò tilẹ̀ ní í dé ọ́fíìsì kankan. Á yọ síìmù, á fi sínú fóònù tirẹ̀, á tẹ *565*0#, BVN yín á sì jáde. PIN tí ẹ fi ti ojú fóònù kò dá èyí dúró. PIN ti síìmù fúnra rẹ̀, tí fóònù kékeré pàápàá ní, ló ń dá a dúró: bí wọ́n bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, síìmù á ti ara rẹ̀. Àmọ́ kò dènà "welcome back" èké. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni.

A sì tún máa ń rò pé nọ́ńbà tí a ti ń lò láti ìgbà tí GSM dé ní 2001, tiwa ni títí ayé. Lábẹ́ òfin NCC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù, ìlà tí kò bá mówó wọlé fún iléeṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà, wọ́n lè pa á. Bí oṣù mẹ́fà mìíràn bá tún kọjá, wọ́n lè tà á fún ẹlòmíràn. Oníṣòwò kan ní Asaba ra irú síìmù bẹ́ẹ̀ láìmọ̀ pé ọmọbìnrin Buhari, tó jẹ́ Ààrẹ Nàìjíríà nígbà náà, ló ń lò ó tẹ́lẹ̀. Àwọn DSS, ọlọ́pàá inú ìjọba, tì í mọ́lé fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ní 2019. Ní 2020, Ilé Ẹjọ́ Gíga Àpapọ̀ ní Asaba ní kí wọ́n san ₦10 mílíọ̀nù fún un. Ẹni tó ra síìmù kò ṣẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń wá ẹni àkọ́kọ́ lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọmọ tó lọ sókè òkun, ẹbí tí òbí wọn kú, kí wọ́n kọ́kọ́ yọ nọ́ńbà náà kúrò ní báǹkì kí wọ́n tó pa á tì.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ tán, báǹkì la kọ́kọ́ ń sáré bá kí wọ́n ti àkáǹtì pa, ká tó pe iléeṣẹ́ tẹlifóònù lórí 300. Bí iléeṣẹ́ kò bá dáhùn, 622 ni NCC ń gbọ́ ẹjọ́. Ọ̀pọ̀ báǹkì ló ní kóòdù tí a lè fi fóònù ẹlòmíràn tẹ̀ láti ti àkáǹtì pa láì dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ béèrè tiyín nísinsìnyí, kí ẹ sì kọ ọ́ sórí ìwé, nítorí lọ́jọ́ tí ẹ ó nílò rẹ̀, fóònù yín kọ́ ni ẹ ó fi tẹ̀ ẹ́.