Ọmọ Ọjọ́ Márùn-ún

Inú Ìwé Àdúrà elédè Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti kọ́kọ́ pàdé àwọn ọmọlẹ́yìn Pelagius. Ọdún 1965 ni, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, a sì ń múra sílẹ̀ kí bíṣọ́ọ̀bù wá gbọ́wọ́ lé wa lórí. Ẹ̀yìn ìwé náà ni ìlànà ìgbàgbọ́ 39 tí Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ní 1571 wà. Ìkẹsàn-án nínú wọn ló dá lórí ẹ̀ṣẹ̀ àbínibí, ibẹ̀ ló sì ti dárúkọ àwọn wọ̀nyí pé ọ̀rọ̀ asán ni wọ́n ń sọ. Èmi rò pé ìlú kan ni Pelagius, pé aláìgbọràn ni àwọn ará ibẹ̀ bí àwọn ará Sódómù. Mo bi tíṣà wa léèrè. Ó ní kí n ṣáà há a sórí, bíṣọ́ọ̀bù kò ní bi mí níbi tí ìlú náà wà.

Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ọ̀kan lára wọn ló ń se oúnjẹ tí mò ń jẹ nílé.

Ní 1949, kí wọ́n tó bí mi, màámi bí ọmọkùnrin kan ní ìletò wa, láàrin Iléṣà sí Oǹdó. Ọyẹ́ mú lọ́dún náà. Ọmọ náà kò mu ọmú dáadáa. Ní ọjọ́ kẹrin ara rẹ̀ gbóná, nígbà tó fi máa di ọjọ́ karùn-ún, kí àkùkọ tó kọ, ó ti lọ. Wọn kò tíì sọ ọ́ lórúkọ, ọjọ́ kẹjọ ni ìkómọ. Wọn kò sì tíì sàmì fún un, nítorí àlùfáà tó ń sàmì kì í dé ọ̀dọ̀ wa ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta lọ. Bàbá mi lọ pe katikíìsì pé kó wá gbàdúrà létí oórì. Katikíìsì ṣí ìwé, ó fi ìka tọ́ka sí ọ̀rọ̀ wínníwínní tó wà lókè ètò ìsìnkú, pé a kò gbọdọ̀ lò ó fún ẹni tó kú láìsàmì, ẹni tí ìjọ yọ lẹ́gbẹ́, tàbí ẹni tó pa ara rẹ̀. Bàbá mi padà wálé. Òun fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé, nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà.

Nígbà tí ara màámi mókun díẹ̀, ó lọ bá katikíìsì nílé. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó ní, “Bàbá, ọmọ ọjọ́ márùn-ún, kí ló ṣe?”

Katikíìsì kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó wá àpèjúwe tí obìnrin oko máa tètè lóye, ó sì mú ti ìwọ̀fà. Bàbá yáwó, kò rí i san, ó fi ọmọ rẹ̀ sóko olówó. Iṣẹ́ tí ọmọ ń ṣe ni èlé, ara rẹ̀ kò ní bọ́ àfìgbà tí owó bá pé. Ọmọ yẹn kò náwó náà, kò tilẹ̀ rí i sójú. Ó ní Ádámù ló yáwó, gbogbo wa ni ìwọ̀fà.

Ó ṣi ẹni tó ń sọ ìyẹn fún. Ẹ̀gbọ́n màámi lọ́kùnrin ti ṣe ìwọ̀fà fún ọdún mẹ́ta rí nítorí pọ́n-ùn mẹ́ta tí wọ́n fi sìnkú bàbá àgbà wọn. Màámi ní, “Bàbá, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ìwọ̀fà bá kú sóko olówó, ọ̀dọ̀ ẹni tó yáwó ni olówó ń padà sí. Wọn kì í so òkú ọmọ mọ́lẹ̀ nítorí gbèsè.”

Katikíìsì ní kó máa gbàdúrà. Wọn kò torí èyí di ọ̀tá; ọdọọdún ni màámi ń gbé iṣu tuntun lọ fún un títí wọ́n fi gbé e lọ sí ìjọ mìíràn.

Èmi náà ti di tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Ìmọ̀ Bíbélì kí n tó rí i kà pé ìbéèrè yìí ti da ìjọ Ọlọ́run rú rí, láti Carthage dé Jerúsálẹ́mù, fún nǹkan bí ogún ọdún. Ọmọ Áfíríkà ni Augustine tó di ẹjọ́ náà mú. Thagaste ni wọ́n bí i sí ní 354, ìlú tó ń jẹ́ Souk Ahras ní Àlgéríà lónìí. Ó ti jayé dáadáa kó tó di bíṣọ́ọ̀bù Hippo, ìlú èbúté tí wọ́n ń pè ní Annaba nísinsìnyí. Nínú Ìwé Ìjẹ́wọ́ rẹ̀, tó kọ ní nǹkan bí 397 sí 400, ó sọ bí òun àti àwọn ẹgbẹ́ òun ṣe lọ jí èso píà ká lóru nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ebi kò pa wọ́n. Èyí tó wà nílé dùn jù ú lọ. Ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n dà á fún. Ohun tó dun Augustine títí dọjọ́ alẹ́ ni pé olè náà dùn mọ́ òun. Láti ibẹ̀ ló ti wo ẹ̀yìn lọ sí ìgbà tí ènìyàn kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ, ó ní òun ti rí ọmọ ọwọ́ kan tí ìlara mú ojú rẹ̀ ṣì, tó ń wo ọmọ tí wọ́n jọ ń mu ọmú kan náà bí ọ̀tá. Lójú Augustine, ẹ̀rí nìyẹn. Ìyá ọlọ́mọ tó bá wà nítòsí á ní ebi ló ń pa á, ẹ gbé e wá.

Pelagius ní tirẹ̀ wá láti erékùṣù Bìrìtéènì. Ó ń gbé ìgbé ayé mímọ́ ní Róòmù, ó ń gba àwọn ọlọ́rọ̀ níyànjú pé kí wọ́n yé fi orúkọ Kristẹni bojú. Lọ́jọ́ kan, bíṣọ́ọ̀bù kan ka ibì kan nínú Ìwé Ìjẹ́wọ́ sí i létí, níbi tí Augustine ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó kọ́kọ́ fún òun lágbára ohun tó bá fẹ́ pa láṣẹ. Inú bí Pelagius débi pé díẹ̀ ló kù kó di ìjà. Kò rí ọ̀gá rere tó máa rán ọmọ ọ̀dọ̀ níṣẹ́ tó mọ̀ pé apá rẹ̀ kò ká. Bí Ọlọ́run bá ní ká jẹ́ mímọ́, a lè jẹ́ mímọ́ nìyẹn. Àpẹẹrẹ burúkú ni Ádámù fi sílẹ̀ fún wa, kò fi gbèsè sílẹ̀.

Nítorí màámi, ọ̀dọ̀ Pelagius ni mo kọ́kọ́ fì sí. Nígbà tó yá, ẹ̀rù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Bí mo bá lè ṣe rere tí mi ò ṣe é, àwáwí wo ló kù fún mi? Ọ̀mùtí tó ti gbìyànjú títí tí kò lè jáwọ́, kí ni Pelagius fẹ́ sọ fún un ju pé kó múra sí i lọ? Augustine mọ bí ìwà tó ti mọ́ni lára ṣe ń fa ènìyàn bí ẹrú. Bí mo ṣe rí i nìyí: Pelagius le fún àgbà, ó rọ̀ fún ọmọ ọwọ́, Augustine rọ̀ fún àgbà, ó le fún ọmọ ọwọ́.

Ní oṣù kẹjọ 410, àwọn ọmọ ogun Alaric wọ Róòmù, wọ́n kó o fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ ọlọ́lá sá gba Áfíríkà lọ, Pelagius àti Caelestius ọmọlẹ́yìn rẹ̀ náà sì gba ibẹ̀. Augustine rí Pelagius fìrí lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì ní Carthage, ṣùgbọ́n ìjà ìjọ mìíràn ló wà nílẹ̀ nígbà náà, wọn kò ráyè jókòó. Caelestius ló tú ọ̀rọ̀ náà síta. Ó fẹ́ joyè àlùfáà ní Carthage, àwọn kan sì fẹ̀sùn kàn án ní 411 pé ó ń kọ́ni pé Ádámù nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀ Ádámù pa lára. Wọ́n dá a lẹ́bi. Láti ọjọ́ yẹn, ẹjọ́ ń lọ, ẹjọ́ ń bọ̀. Jerome, tó ń gbé Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, bú Pelagius pé ògì àwọn ará Scot ló wú u. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù tó jókòó ní Diospolis dá a láre ní ìparí 415. Àwọn ti Áfíríkà dá a lẹ́bi ní 416. Póòpù Innocent gbè sẹ́yìn àwọn ará Áfíríkà ní oṣù kìíní 417, ó sì kú ní oṣù kẹta. Zosimus tó jẹ tẹ̀ lé e gbọ́ tẹnu Caelestius, ó ní kí àwọn ará Áfíríkà rọra. Wọn kò rọra. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin 418, Honorius olú-ọba pàṣẹ pé kí wọ́n lé Pelagius àti Caelestius kúrò ní Róòmù. Ọjọ́ kejì gan-an ni bíṣọ́ọ̀bù tó lé ní 200 jókòó ní Carthage, tí wọ́n fi ẹni tó bá ní ọmọ ọwọ́ kò jogún nǹkan tí ìsàmì máa wẹ̀ nù lọ́dọ̀ Ádámù gégùn-ún. Zosimus náà yí ohùn padà.

Nígbà tí ọba ti dá sí i, èèyàn á rò pé ọ̀rọ̀ tán. Ibi tó ti dùn gan-an la ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yìí. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù bíi méjìdínlógún ní Ítálì kọ̀ láti fọwọ́ sí i, agbẹnusọ wọn sì ni Julian, bíṣọ́ọ̀bù Eclanum, ọmọ bíṣọ́ọ̀bù, tí Augustine lè bí lọ́mọ. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ó fẹ̀sùn kan Alypius, ọ̀rẹ́ Augustine, pé ẹṣin àbọ́sanra tó lé ní ọgọ́rin ló kó láti Áfíríkà lọ fún àwọn ọ̀gágun ààfin kí àṣẹ ọba tó jáde. Ó ní Augustine kò tíì kúrò nínú ẹ̀sìn Mani tó ti ṣe rí, ìdí nìyẹn tó fi ń wo ìgbéyàwó àti oyún bí iṣẹ́ èṣù. Lẹ́yìn gbogbo èébú yìí, ó wá béèrè ìbéèrè màámi. Ọlọ́run tó rán Ọmọ rẹ̀ wá kú fún wa nítorí ìfẹ́, ṣé òun náà lẹ sọ di ẹni tó ń ṣenúnibíni sí ọmọ tuntun? Ó mú Ìsíkíẹ́lì orí 18 jáde, níbi tí Ọlọ́run ti kọ̀ pé ọmọ kò ní ru ẹ̀ṣẹ̀ bàbá rẹ̀.

Augustine ní kó wo àwọn ọmọ náà fúnra wọn. Wọ́n ń bí òmíràn ní afọ́jú. Àìsàn ń fi òmíràn jó títí yóò fi kú. Bí Ọlọ́run bá jẹ́ olódodo, tí ọmọ kò sì jẹ gbèsè kankan, kí ni ìyà ń wá lára rẹ̀? Ó gbà pé ìyà tó fúyẹ́ jù lọ ló máa jẹ́ tiwọn lọ́run, ṣùgbọ́n ìyà ni. Lọ́jọ́ tí mo ka ibẹ̀, mo pa ìwé dé, mo bọ́ síta. Ara gbígbóná ọmọ kan náà ni màámi fi bi Ọlọ́run léèrè; òun ni Augustine fi dáhùn.

Ìjà wọn ní ibi ẹ̀rín tirẹ̀ náà. Julian fa ìwàásù Jòhánù Chrysostom yọ, pé Jòhánù sọ pé à ń sàmì fún ọmọ ọwọ́ bí wọn kò tilẹ̀ ní ẹ̀ṣẹ̀. Augustine wá ti Gíríìkì rẹ̀ lọ, ó ní ẹ̀ṣẹ̀ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan, púpọ̀ ni; èyí tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ dá ni Jòhánù ń sọ, kò yọ ti Ádámù kúrò. Ó tún fi hàn pé Jòhánù kan náà ló pe ẹ̀ṣẹ̀ Ádámù ní ìwé gbèsè tí bàbá wa kọ. Ká ní Yorùbá ni Jòhánù fi wàásù, ta ni ì bá mọ̀ bóyá ẹyọ kan ni tàbí ọgọ́rùn-ún? Ẹ̀ṣẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ ń jẹ́. Mo sì mọ̀ dájú pé katikíìsì wa kò ka Chrysostom rí. Òun náà ṣáà dé ìdí gbèsè.

Ìwé tí Augustine ń kọ láti fi fún Julian lésì kò parí. Ó kú ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ 430, nígbà tí àwọn ará Vandal ti dó ti Hippo.

Orí ẹsẹ Bíbélì kan ló kọ́ ọ̀pọ̀ ilé rẹ̀ lé, Róòmù orí 5, ẹsẹ 12. Látìnì tó ń kà sọ pé nínú ọkùnrin kan ṣoṣo ni gbogbo ènìyàn ti ṣẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ṣe ń ka ti Gíríìkì, nítorí pé gbogbo ènìyàn ṣẹ̀ ni. Ìwé Róòmù yìí gan-an ni Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther kọ́kọ́ tẹ̀ jáde nínú Bíbélì Yorùbá, ní 1850. Mo máa ń fojú inú rí i níbi tó jókòó sí, tó ń wá ọ̀rọ̀ fún ẹsẹ yẹn, ọkùnrin tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821 nígbà tó wà lọ́mọdé, láìṣẹ ẹnikẹ́ni. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kọjá kí òun àti Àfàlà ìyá rẹ̀ tó fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta ní 1846. Ní oṣù kejì 1848, ìyá náà sàmì, ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó kọ̀ sílẹ̀. Àgbàlagbà ni. Ọ̀rọ̀ àgbàlagbà kò ṣòro.

Ní oṣù kẹrin 2007, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ Ọlọ́run ní Vatican gbé ìwé kan jáde pé ìdí wà láti nírètí pé Ọlọ́run á gba ọmọ tó kú láìsàmì là. Mo rí i nínú ìwé ìròyìn, mo sì gbé e lọ fún màámi. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún nígbà náà, ó ń já ewé tẹ̀tẹ̀ sínú ajere, ojú rẹ̀ kò ríran kàwé mọ́. Mo kà á fún un, mo ń túmọ̀ rẹ̀. Mo wá sọ ti Augustine àti Julian látìbẹ̀rẹ̀, tòun ti ẹṣin ọgọ́rin. Ẹṣin yẹn pa á lẹ́rìn-ín gan-an.

Ó ní, “Augustine yìí, ṣé ó bímọ?”

Mo ní ó bí ọ̀kan, ọkùnrin, Adeodatus lorúkọ rẹ̀. Ọjọ́ kan náà ni òun àti bàbá rẹ̀ sàmì ní Milan, ní Àjíǹde 387, ọmọ náà jẹ́ bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó kú.

Ọwọ́ màámi dúró lórí ewé. “Ó ti sàmì kó tó kú?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Ẹ̀n-ẹ́n,” ló wí, ó sì ń já tẹ̀tẹ̀ rẹ̀ lọ.