Bí Àwọn Onímọ̀ Èdè Ṣe Jáde Kúrò Nínú Gbólóhùn

Bí àlejò bá pẹ́ jù nílé wa, tí baálé ilé wá yán, tó ní, "Ilẹ̀ mà ti ṣú o," kò sí ọmọ Yorùbá tó máa fèsì pé, "Òótọ́ ni, oòrùn ti wọ̀." Bàtà rẹ̀ ni yóò máa wá. Ẹ tú gbólóhùn yẹn palẹ̀ bó ṣe wù yín, ẹ to olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ síbi tó yẹ, ẹ ò ní rí "ó tó gẹ́ẹ́, máa lọ" níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ohun tí baálé sọ gan-an nìyẹn. Ẹ̀ka ìmọ̀ tó ń wádìí irú nǹkan báyìí là ń pè ní ìtúpalẹ̀ ọ̀rọ̀, kò sì tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ.

"Ọ̀rọ̀" tiwa yìí ti gba gbogbo rẹ̀ mọ́ra láti ilẹ̀: ẹyọ kan, ọ̀rọ̀ ni, odindi ẹjọ́ tó wà nílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ni. Àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà ò ríyẹn lò. Leonard Bloomfield, tí ìwé rẹ̀ Language jáde ní 1933, ti pààlà pé ibi tí gbólóhùn bá parí sí ni gírámà parí sí. Ọdún 1952 ni Zellig Harris, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Pennsylvania àti olùkọ́ Noam Chomsky, tó kọjá ààlà náà. Ohun tó gbé yẹ̀ wò kì í ṣe ìwé mímọ́ tàbí ewì. Ìpolówó oògùn irun ni. Ó ń wo àwọn ọ̀rọ̀ tó máa ń jókòó sí ààyè kan náà láti gbólóhùn dé gbólóhùn, ó sì ń kó wọn jọ sọ́wọ̀ọ̀wọ́. Àmọ́ kò bá ìtumọ̀ lò. Ní tèmi, Harris ṣílẹ̀kùn, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Lódìkejì òkun, àwọn kan ti wà lójúde tipẹ́. Bronislaw Malinowski, tó gbé láàárín àwọn ará erékùṣù Trobriand nítòsí New Guinea, kọ ọ́ ní 1923 pé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń sọ kì í ṣe láti ròyìn nǹkan kan, kí àárín èèyàn lè gún ni. Ẹni tó bá ti ń kí aládùúgbò ní "ẹ kú ìjókòó" kò nílò kí ọ̀mọ̀wé kankan là á yé e. J.R. Firth gba ìmọ̀ yìí sọ́wọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀kan lára àwọn tó tẹ̀ lé e, T.F. Mitchell, sì gbé e lọ sọ́jà. Ọjà Cyrenaica ni, ní Líbíà, níbi tó ti tẹ́tí sí àwọn Lárúbáwá bí wọ́n ṣe ń tà tí wọ́n ń rà. Nínú iṣẹ́ tó tẹ̀ jáde ní 1957, ó rí i pé ìnájà ní ipele márùn-ún: ìkíni, bíbéèrè bóyá ọjà wà, yíyẹ ọjà wò, ìdúnàádúrà, àti ìparí. Oníbàárà lè má kíni rárá, kó kọrí sọ́jà tó fẹ́ rà tààrà, ìnájà náà á ṣì jẹ́ ìnájà. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ẹ̀rín ló pa mí: ohun tí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń mú lọ sọ́jà ti mọ̀ kó tó mọ̀ọ́kọ ni.

J.L. Austin láti Oxford ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Harvard ní 1955. Ó kú ní 1960, ìwé tí wọ́n fi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà ṣe sì jáde ní 1962. Kókó rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ mìíràn kì í ròyìn, iṣẹ́ ló ń ṣe. Bàbá tó gbé ọmọ lọ́wọ́ lọ́jọ́ kẹjọ, tó ní, "Àkànní lorúkọ rẹ," ti sọ ọmọ di Àkànní. Kí ẹni tó ń kọjá lọ lójú títì sọ ohun kan náà, òfo ni. H.P. Grice tẹ̀ lé e ní 1967, ní Harvard kan náà, ó sì ṣàlàyé bí olùgbọ́ ṣe ń gbọ́ ohun tí wọn kò fẹnu sọ. Baálé ilé tó yán lẹ́ẹ̀kan wà lábẹ́ tirẹ̀.

Ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn ni Harvey Sacks. Ní 1963 sí 1964, ó ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó kan ní Los Angeles tí àwọn tó fẹ́ gbẹ̀mí ara wọn máa ń fóònù. Wọ́n máa ń gba ìpè náà sórí téèpù. Òṣìṣẹ́ á kọ́kọ́ dárúkọ ara rẹ̀, kí ẹni tó pè lè dá tirẹ̀ padà. Ọkùnrin kan ní òun ò gbọ́. Wọ́n tún un sọ. Nígbà tí wọ́n á fi yanjú ọ̀rọ̀ àìgbọ́ yìí, àyè tó yẹ kó ti dárúkọ ara rẹ̀ ti kọjá, ó sì bọ́. Láti ibi kékeré yìí ni Sacks ti rí i pé ìtàkùrọ̀sọ ní ètò bí ayò. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Emanuel Schegloff, yẹ ìbẹ̀rẹ̀ ìpè 500 wò. Gbogbo wọn tẹ̀ lé òfin tó kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, àfi ẹyọ kan. Dípò kó sọ ọ́ nù, ẹyọ yẹn ló fi tún òfin náà ṣe, nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti 1968. Ní 1974, àwọn méjèèjì àti Gail Jefferson kọ̀wé lórí bí ọ̀rọ̀ ṣe ń kan oníkálukú. Jàǹbá ọkọ̀ pa Sacks lọ́dún tó tẹ̀ lé e, lẹ́ni ogójì ọdún. 1992 ni àkójọ àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó di ìwé.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọjà tà. Ní 1975, Sinclair àti Coulthard ní Birmingham wọ kíláàsì: olùkọ́ bi ọmọ, ọmọ dáhùn, olùkọ́ ní "O káre!" Halliday àti Hasan kọ̀wé lórí okùn tó so gbólóhùn pọ̀ ní 1976. Ní 1982, John Gumperz sọ ìtàn ilé oúnjẹ òṣìṣẹ́ kan ní pápákọ̀ òfuurufú ní Gẹ̀ẹ́sì. Bí òyìnbó bá ń bi èèyàn bóyá ó fẹ́ ọbẹ̀ sẹ́ran, á dárúkọ ọbẹ̀, á gbé ohùn sókè. Àwọn obìnrin Íńdíà àti Pakistan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ ń rẹ ohùn sílẹ̀. Ìbéèrè ọlọ́wọ̀ ni lójú tiwọn. Létí àwọn aláàárù tí wọ́n ń bu oúnjẹ fún, ọ̀rọ̀ ẹni tó ń kanra ni. Ìgbà tí wọ́n gbọ́ ohùn ara wọn lórí téèpù ni wọ́n tó mọ ibi tí ìjà ti wá. Àwa tí ohùn ya ọkọ́ kúrò lára ọkọ̀, ṣé èyí ṣòroó gbà? Lọ́dún yẹn kan náà, nínú ìwé tí Gumperz ṣolóòtú rẹ̀, ọmọ wa Niyi Akinnaso àti Cheryl Seabrook Ajirotutu kọ̀wé lórí bí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ṣe ń sọ̀rọ̀ níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún iṣẹ́.

Ìgbà tó yá, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ẹni tí ọ̀rọ̀ ń gbè lẹ́yìn. Ní 1975, ọlọ́pàá yìnbọn pa èèyàn mọ́kànlá ní Salisbury, tí à ń pè ní Harare báyìí. Àkọlé ìwé ìròyìn Guardian fi ọlọ́pàá ṣolùwà. Ti Times fi àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń dàlú rú síwájú, ọlọ́pàá wá bọ́ sẹ́yìn. Tony Trew ló tú u fó nínú ìwé kan tó jáde ní 1979. Norman Fairclough ti Lancaster kọ Language and Power ní 1989, òun pẹ̀lú Ruth Wodak, Teun van Dijk àti àwọn mìíràn sì pàdé ní Amsterdam ní January 1991. Iṣẹ́ wọn wúlò, ṣùgbọ́n àwọn ọmọlẹ́yìn wọn mìíràn ti mọ ẹni tó jẹ̀bi kí wọ́n tó ka ìwé ìròyìn.

Téèpù tí Sacks ń gbọ́ nígbà yẹn, ẹ̀rọ tó dára jù ú lọ ti wà lápò gbogbo wa. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá tẹ́ ẹ ń wá iṣẹ́ àṣekágbá, ẹ lọ sọ́jà Bódìjà láàárọ̀ ọ̀la, kẹ́ ẹ sì gbàṣẹ lọ́wọ́ ìyá aláta kẹ́ ẹ tó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀.