Dífù Afà, Dífù Asáré

Mẹkáníìkì tó bá ń tún ọkọ̀ ṣe lójú ọ̀nà Ìkirun sí Òkukù kì í sọ fún oníbàárà pé dífù ọkọ̀ rẹ̀ ga tàbí pé ó rẹlẹ̀. Ohun tó máa sọ ni pé, "Alàgbà, mọ́tò yìí ò fà," tàbí kó ní, "Ó ń fà dáadáa, sáré náà ni kò lè sá." Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìmọ̀ dífù sílẹ̀ ní èdè Yorùbá, ọ̀dọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe méjì yìí ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Kó jẹ́ kí ìwé atúmọ̀ èdè sinmi ná.

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ lọ̀rọ̀ yìí kàn. Corolla àti Camry tọ́kúnbọ̀ tó kún ìgboro báyìí, táyà iwájú ló ń fà wọ́n, inú gíábọ́ọ̀sì ni dífù wọn sì wà. Bí a bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú gíábọ́ọ̀sì rẹ̀, dífù ti bá wọn wọlé, ọ̀rọ̀ parí. Àwọn ọkọ̀ tí táyà ẹ̀yìn ń tì ni wàhálà wà fún: Peugeot 504 tí ilé iṣẹ́ PAN bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, HiAce, àti píkọ́ọ̀pù tó ń kó ẹrù ọjà wọ Ìgbayè àti Ìnísà. Iwájú ni ẹ́ńjìnnì wọn wà, ẹ̀yìn ni dífù wà, pùròpẹ́là ló so wọ́n pọ̀. Ẹ́ńjìnnì kú, olówó ọkọ̀ gba ọjà Ládípọ̀ lọ ní Èkó, ó ra tọ́kúnbọ̀ tí owó rẹ̀ tó. Bóyá ọmọ ìyá èyí tó kú ni, bóyá kò sì bá a tan rárá. Ẹ́ńjìnnì tuntun dé, ó bá dífù àtijọ́ nílé.

Nínú dífù, ohun onírin méjì eléyín ló ń jẹ ara wọn. Gẹ̀ẹ́sì fi adé sọ èyí tó tóbi lórúkọ, atúmọ̀ tó bá sì ń kánjú á kọ "adé" sílẹ̀, á rò pé iṣẹ́ ti yá. Ta ló fẹ́ gbọ́ pé adé ọkọ̀ òun ti jẹ? Kíráun àti pínìọ́n ni wọ́n ń pè wọ́n níbi iṣẹ́, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ orúkọ tiwa, ó ti wà nílẹ̀. Ọlọ ní ìyá, ó ní ọmọ; ìyá tóbi, ọmọ ló sì ń ṣe wàhálà lórí rẹ̀. Nínú dífù náà, èyí kékeré ló ń gba agbára lọ́wọ́ pùròpẹ́là tó fi ń yí èyí ńlá. Ìyá dífù, ọmọ dífù. Ẹni tó bá ti lọ ata rí kò ní béèrè èwo ni èwo.

Orúkọ iye tó wà láàárín ìyá àti ọmọ ló le jù. Bí ìyá bá ní eyín 41, tí ọmọ ní 10, ọmọ á yí ìyípo 4.1 kí ìyá tó yí ẹyọ kan. Àwọn kan á ní ká pe iye yìí ní "ìpín". Mi ò gbà. Ìpín ni ohun tí a pín fúnni, ogún tàbí kádàrá, kò sì sẹ́ni tó pín nǹkan kan níhìn-ín. Ìsọdipúpọ̀ ni: bí ìyípo ṣe ń dín kù láti ẹ́ńjìnnì dé táyà, bẹ́ẹ̀ ni agbára ìfà ń di ìlọ́po. Ìlọ́po ni kí a pè é. Dífù yìí, ìlọ́po rẹ̀ jẹ́ 4.1, tọ̀hún jẹ́ 3.5.

Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti lọ́ mọ́ ara rẹ̀ lọ́wọ́ nìyí, torí èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ tóbi ni wọ́n ń pè ní kúkurú tàbí èyí tó rẹlẹ̀. Bí a bá tú u bẹ́ẹ̀, ọmọ iṣẹ́ á ra 3.5 nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ ní kó ra 4.1. Èdè wa kò nílò gíga àti kúkurú níbẹ̀ rárá. Bí a ṣe fi "a" ṣẹ̀dá asọ̀rọ̀mágbèsì, amóhùnmáwòrán àti amúlétutù nìyẹn, a sọ ohun lórúkọ nípa iṣẹ́ tó ń ṣe. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ gan-an, ìrìn rẹ̀ la fi pè é. Nítorí náà, dífù afà ni èyí tí ìlọ́po rẹ̀ pọ̀, dífù asáré ni èyí tí ìlọ́po rẹ̀ kéré. Ẹnikẹ́ni lè wí pé 4.1 jẹ́ afà ju 3.7 lọ, kò sì ní dà rú.

Kì í ṣe pé àwọn ọ̀mọ̀wé wa kò ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tó bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá darí, fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ìwé èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde ní 1984, ti Ọládélé Awóbùlúyì tẹ̀ lé e ní 1990. Èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni wọ́n fi ṣe àkọ́kọ́. Abúlé mẹkáníìkì kò sí nínú rẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ sì ti bá iṣẹ́ tiwọn lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá fi ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ṣiṣẹ́. Táyà 195/65R15 máa ń gba nǹkan bíi mítà méjì lọ nínú ìyípo kan. Bí ọkọ̀ bá ń sá kìlómítà 80 ní wákàtí kan, èyí tí òfin gbà fún ọkọ̀ kékeré lójú títì ẹ̀yìn ìlú tí kì í ṣe ti márosẹ̀, táyà ń yí bí ìgbà 667 ní ìṣẹ́jú kan. Pẹ̀lú ìlọ́po 4.1, bí gíà òkè kò bá fi kún un tàbí yọ níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń yí bíi 2,730. Ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù tó lè yí 6,000 kò ní mọ̀ pé òun ń ṣiṣẹ́. Ẹ wá gbé e kúrò, kí ẹ fi ti dísẹ́ẹ̀lì tí agbára rẹ̀ ń tán ní 4,000 sí i. Ní kìlómítà 100 lójú márosẹ̀, ó ti dé bíi 3,400, á máa ké títí dé Ìbàdàn. Ayọ́kẹ́lẹ́ ti di apariwo. Dífù asáré tó jẹ́ 3.5 á mú un wá sí bíi 2,900. Kò ní dùn ún, torí láti ìsàlẹ̀ ni dísẹ́ẹ̀lì ti ń fà.

Òdìkejì rẹ̀ ló ń ba ọkọ̀ jẹ́ jù. Píkọ́ọ̀pù tí wọ́n ti gbé dísẹ́ẹ̀lì kúrò, tí wọ́n fi pẹtiróòlù kékeré sí, tí asáré ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀: ẹ di iṣu kún un, kí ẹ dojú rẹ̀ kọ òkè Ìgbájọ, kíláàṣì á rùn kó tó dé ìdajì. Ní agbègbè wa tí gegele àti kòtò kì í jẹ́ kéèyàn pẹ́ lórí gíà òkè, èmi á mú afà. Kí ẹ sì kọ́kọ́ wo gíábọ́ọ̀sì kí ẹ tó náwó. Bí ó bá ní gíà karùn-ún tó jẹ́ 0.85, 4.1 á di bíi 3.5 níbẹ̀ láìtú dífù. Gíà ìsinmi ni mo ń pe irú gíà bẹ́ẹ̀, torí ẹ́ńjìnnì ń sinmi nígbà tí ọkọ̀ ń sáré.

Ẹni tí kò bá fẹ́ tú dífù lè ka ìlọ́po rẹ̀. Ẹ ti gíà sí òfo, ẹ dí táyà iwájú, ẹ fi jáàkì gbé táyà ẹ̀yìn kan sókè, kí èkejì wà nílẹ̀, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára pùròpẹ́là. Ẹ yí táyà tó wà lókè nígbà méjì, kí ẹ ka iye ìyípo pùròpẹ́là; iye yẹn ni ìlọ́po. Ìgbà méjì ni a ń yí táyà, torí èyí tó wà nílẹ̀ kò yí. Bí dífù ṣe ń jẹ́ kí táyà òde rìn ju ti inú lọ ní kọ́nà nìyẹn, iṣẹ́ tí Gẹ̀ẹ́sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Èmi ò ní túmọ̀ dífù fúnra rẹ̀. Ó ti gba ohùn, ó ti di ọmọ ilé.

Bí ẹ bá pààrọ̀ 3.7 sí 4.1, aago ìsáré tó ń gba ìròyìn láti gíábọ́ọ̀sì á máa fi bíi 89 hàn nígbà tí ọkọ̀ ń sá 80. Ẹ tún aago náà ṣe.

Ìyá àti ọmọ kì í ṣe ohun tí à ń rà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí ilé iṣẹ́ ti lọ̀ wọ́n mọ́ ara wọn. Ìdí sì wà tó fi jẹ́ 41 sí 10, tí kì í ṣe 40 sí 10. Nínú 41 sí 10, eyín ọmọ kọ̀ọ̀kan á pàdé gbogbo eyín ìyá kó tó padà sọ́dọ̀ àkọ́kọ́. Mo ń pè é ní dífù akárí. Nínú 40 sí 10, eyín ìyá mẹ́rin kan náà ni eyín ọmọ kan á máa pàdé títí ayé ọkọ̀ náà, bí ó bá sì ní àbùkù, àwọn mẹ́rin yẹn ni yóò máa jẹ.