Ẹ̀sùn Olè Orin: Fẹlá, Paul McCartney àti Èkó ní 1973

Ní oṣù Kẹjọ 1973, Paul McCartney, ìyàwó rẹ̀ Linda àti Denny Laine dé sí Èkó. Sítúdíò EMI ní Àpápá ni ẹgbẹ́ wọn, Wings, ti fẹ́ ká àwo Band on the Run sílẹ̀. Ìròyìn náà dé etí Fẹlá Ransome-Kútì, tó ń gbé lójú ọ̀nà Agége Motor Road, lágbègbè Ìdí-Òro. Fẹlá fárígá. Ó ní àwọn òyìnbó yìí wá jí orin adúláwọ̀ kó ni.

Irú olè bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Babátúndé Ọlátúnjí, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Àgbádárìgì, gbé Drums of Passion jáde ní Amẹ́ríkà ní 1960. Ní 1964, Serge Gainsbourg, olórin Faransé, mú mẹ́ta nínú àwọn orin náà, ó fi èdè Faransé sí i, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i. Kíyàkíyà di “Joanna”. Ìwà ìrẹ́jẹ pọ́ńbélé ni.

Ti McCartney yàtọ̀. Ó ti lọ gbọ́ Fẹlá lójú agbo, orin náà wọ̀ ọ́ lára débi pé ó sunkún. Nígbà tí Fẹlá wá ko ó lójú ní sítúdíò, McCartney tẹ ohun tó ti ká sílẹ̀ fún un kó fi etí ara rẹ̀ gbọ́. Fẹlá ò bá nǹkan wa kankan níbẹ̀, ọ̀rọ̀ sì parí. (Rẹ̀mí Kabaka, ọmọ Nàìjíríà, padà bá wọn lùlù nínú “Bluebird”, àmọ́ Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ká ìyẹn.)

Òyìnbó kan sì wà nítòsí tí Fẹlá fi ṣe ọ̀rẹ́: Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ Cream. Ó fi mọ́tò la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí Èkó ní 1971. Nínú àwo Live! tí wọ́n jọ ṣe lọ́dún náà, orúkọ Fẹlá ló ṣáájú, tirẹ̀ tẹ̀ lé e. Baker tún kọ́ sítúdíò ARC sí Ìkẹjà. Lójú tèmi, àwọ̀ ara kọ́ ló ya Baker àti Gainsbourg sọ́tọ̀. Orúkọ tí wọ́n kọ sára àwo ni, àti ẹni tí owó rẹ̀ ń bọ́ sí lápò.

Àríyànjiyàn yìí kan náà ló bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1990, nígbà tí “Ice Ice Baby” ti Vanilla Ice, òyìnbó, di orin hip-hop àkọ́kọ́ tó gba ipò kìíní lórí Billboard Hot 100. Adúláwọ̀ ló dá hip-hop sílẹ̀ ní Bronx.

Ní Sùúrùlérè, ìgbà ti yí. Wizkid, olórin ọmọ Sùúrùlérè, kọ “Ojuelegba” ní 2014, Drake àti Skepta wá dara pọ̀ mọ́ ọn ní 2015. Ní 2016, orúkọ Wizkid wà lára “One Dance” ti Drake. Nígbà tí Ed Sheeran, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, sì wọ inú “Peru” ní 2021, orúkọ Fireboy DML, ọmọ Abẹ́òkúta, ló ṣáájú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Yába àti Múṣin tí ẹ ń ká orin nínú yàrá yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ orúkọ ẹni tó dá orin àti ìpín tó kàn án sínú ìwé kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.