Àpò Ọdẹ: Kékeré Ni, Ẹ̀mí Ló Wà Nínú Rẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìbéèrè ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ká ní wọ́n sọ fún yín pé kí ẹ wọ inú ọ̀dàn tó wà láàárín Ṣakí àti Ìgbòho lọ, kí ẹ sun òru méjì níbẹ̀, kí ẹ má sì mú ju àpò kékeré kan lọ, irú èyí tí èèyàn lè fi kọ́ èjìká. Kí ni ẹ máa kó sínú rẹ̀? Kí ni ẹ máa fi sílẹ̀ nílé? Àwa ará ìlú ńlá, bí a bá ń lọ sí Ìbàdàn lásán fún ọjọ́ méjì, báàgì mẹ́ta la ó dì, a ó tún gbé ike kan sápá. Ṣùgbọ́n àwọn ọdẹ Òkè-Ògùn ti dáhùn ìbéèrè yìí tipẹ́tipẹ́. Ìdáhùn wọn ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín, nítorí pé ọgbọ́n tó wà nínú àpò ọdẹ ju ohun tí ojú ń rí lọ.

Ẹni tí kò bá dé Òkè-Ògùn rí lè máa rò pé igbó dúdú bíi ti ìhà Oǹdó ló wà níbẹ̀. Rárá o, ọ̀dàn ni. Nígbà òjò, koríko á ga ju èèyàn lọ. Igi òrí àti igi igbá dúró káàkiri, àpáta ńláńlá sì yọrí sókè bí ẹni pé wọ́n ń ṣọ́ ìlú. Bí ọyẹ́ bá dé, láti nǹkan bí oṣù November títí di March, ọ̀pọ̀ odò kékeré á gbẹ, koríko á gbẹ, iná á sì jó o mọ́lẹ̀. Ọ̀nà tí èèyàn mọ̀ bí ẹní mowó nígbà òjò á wá di àjèjì sí i. Odò tí ó ti mu omi níbẹ̀ ní oṣù August, iyanrìn lásán ni yóò bá níbẹ̀ ní oṣù February.

Igbó méjì ló wà nínú igbó kan yìí. Èkínní ni igbó etílé, ibi tí èèyàn ti ń gbọ́ tí àkùkọ ń kọ, tí ó sì tún lè gbọ́ ìró odó. Èkejì ni ọ̀dàn jíjìn, ibi tí èèyàn lè pariwo títí tí ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́. Bí ibi tí a ń lọ bá ṣe jìnnà sí ẹni tó lè gbà wá sílẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe gbọ́dọ̀ di àpò wa. Òfin àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ náà láti inú èdè wa. Yorùbá ní apó, Yorùbá sì ní àpò. Inú apó ni wọ́n ń kó ọfà sí, àpò ló ni gbogbo nǹkan yòókù. Nígbà tí ọrun àti ọfà ṣì jẹ́ ohun ìjà ọdẹ, méjèèjì ló ń gbé kọ́. Nígbà tó yá tí ìbọn ṣakabùlà gbòde ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, apó bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò léjìká díẹ̀díẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì bọ́ sí àpò lọ́rùn. Ẹ̀tù dé, ọta dé, ẹ̀tù ò sì gbọdọ̀ fojú kan omi. Inú àdó kékeré tí wọ́n dí lẹ́nu dáadáa tàbí inú ìwo ẹran ni wọ́n ń rọ ọ́ sí.

Yorùbá tún ní ọ̀kẹ́. Àpò ńlá tí wọ́n ń kó owó ẹyọ sí ni ọ̀kẹ́, ẹgbàá mẹ́wàá owó ẹyọ, ìyẹn 20,000, ló sì ń wọ inú rẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ọ̀kẹ́ kan fi dúró fún 20,000 nínú ìṣirò wa títí dòní. Ẹrù odidi alárù kan ni ọ̀kẹ́ kan. Ẹ wo bí ó ti rí nígbà náà: alájàpá tó ń ná ọjà láti Ìsẹ́yìn dé Ìlọrin kò lè fi owó sápò kó máa lọ. Orí ni yóò fi ru owó, orí náà ni yóò fi ru ọjà. Nítorí náà, ọ̀wọ́ ni àwọn èrò ń tò rìn, oníbodè á sì máa gba tiẹ̀ lọ́wọ́ wọn ní ẹnubodè.

Ọdẹ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fi òṣùká gbé ẹrù sórí kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ojú ẹsẹ̀ ẹran, kò lè rá gba abẹ́ ẹ̀ka igi, kò sì lè gbójú sókè wo ọ̀bọ. Àwọn àgbà ní a kì í ru ẹran erin lórí ká tún máa fẹsẹ̀ wa ìrẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ọdẹ gbọ́dọ̀ ṣófo, orí rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ṣófo. Èjìká nìkan ló kù, ibẹ̀ náà sì ni àpò ọdẹ ti rí ibùjókòó.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ẹrù púpọ̀ ń fi ojú èèyàn rí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn òyìnbó kan. Ní oṣù December 1825, Hugh Clapperton àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbéra láti Àgbádárìgì. Richard Lander, ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, wà pẹ̀lú wọn. Wọ́n gba ìhà Òkè-Ògùn kọjá, wọ́n sì dé Ọ̀yọ́-Ilé lọ́dọ̀ Aláàfin ní oṣù January 1826. Ẹrù wọn pọ̀ jọjọ: ẹ̀bùn fún àwọn ọba, ohun ìjà, oògùn, aṣọ, oríṣiríṣi irinṣẹ́. Láti ìlú dé ìlú, àfi kí ọba fún wọn ní alárù kí wọ́n tó lè ṣí ẹsẹ̀. Bí alárù ò bá tíì pé, wọ́n á jókòó máa retí. Kí oṣù December yẹn tó parí, àìsàn ti pa Captain Pearce àti Dókítà Morrison lójú ọ̀nà. Nígbà tí Clapperton dé Sókótó, ẹrù yẹn kan náà ló dá wàhálà sílẹ̀ láàárín òun àti Sultan Bello, nítorí pé Sókótó ń bá Bọ̀rnó jagun, wọ́n sì ń fura pé ohun ìjà tó kó dání lè lọ bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Ibẹ̀ ni Clapperton kú sí ní oṣù April 1827.

Nínú gbogbo ẹrù rẹpẹtẹ yẹn, kí ló wá kù? Ìwé àkọsílẹ̀ ìrìn àjò rẹ̀ ni. Lander gbé e padà dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1828, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1829. Ohun tó wúlò jù lọ nínú ẹrù ọ̀pọ̀ alárù ì bá wọ inú àpò ọdẹ kan ṣoṣo. Ẹ̀kọ́ ńlá mà nìyẹn o.

Kí ni wọ́n wá fi ń ṣe àpò ọdẹ? Awọ àti aṣọ ni. Àwọn oníṣẹ́ awọ ìlú Ọ̀yọ́ gbajúmọ̀ púpọ̀. Awọ ewúrẹ́ ni wọ́n sábà máa ń lò, wọ́n á pa á láró pupa tàbí dúdú. Iṣẹ́ irú wọn ni làbà tí àwọn oníṣàngó máa ń gbé kọ́ èjìká, tí wọ́n ń kó ẹdùn àrá sí. Ẹ ò rí i pé làbà náà, ohun kan ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún: ohun tí wọ́n nílò níbi tí wọ́n ń lọ ló wà nínú rẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ti aṣọ, kíjìpá ni ọ̀gá. Àwọn obìnrin ló ń hun kíjìpá lórí òfì tiwọn. Ó nípọn, ó sì lágbára, ẹ̀gún ò lè tètè fà á ya. Ìsẹ́yìn tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ aṣọ òfì kò jìnnà sí ọ̀dàn yìí, nítorí náà aṣọ ò wọ́n ọdẹ.

Awọ dára, ṣùgbọ́n bí òjò bá pa á tán, ó máa ń wúwo, á sì gan bí ó bá gbẹ. Aṣọ fúyẹ́, kì í sì pariwo, àmọ́ omi máa ń wọ inú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó gbọ́n á fi awọ ṣe ìbòrí, á sì fi aṣọ ṣe inú. Okùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn tó láti gba àyà kọjá láti èjìká kan dé ìbàdí kejì, kó má baà máa fì síwá sẹ́yìn bí ọdẹ bá ń sáré tàbí tó ń gun àpáta. Ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó kí ọwọ́ kan lè wọlé nínú òkùnkùn. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ máa kan ara wọn wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀, torí ẹran igbó létí ju èèyàn lọ.

Kí ló wà nínú rẹ̀? Omi ṣáájú, nínú akèǹgbè kékeré. Lẹ́yìn náà, oúnjẹ tí kì í tètè bàjẹ́: gaàrí, àádùn, ẹ̀pà sísun. Obì tàbí orógbó wà fún oorun. Ọ̀bẹ, ìṣáná, okùn, aṣọ kékeré kan, ẹ̀tù àti ọta. Nígbà tí àtùpà kábáìdì dé, tí àwọn ọdẹ òru ń dè é mọ́ iwájú orí, omi tún níṣẹ́ kejì, nítorí pé omi ló ń kán sórí òkúta kábáìdì kí ó tó mú gáàsì jáde, kí iná tó lè jó. Ọdẹ tó bá mu omi rẹ̀ tán ní ìrọ̀lẹ́, inú òkùnkùn ni yóò sùn. Tọ́ọ̀ṣì àti bátìrì ló wá gbà á lọ́wọ́ ìyẹn.

Ogun Búmà náà fi ọ̀rọ̀ àpò kọ́ àwọn èèyàn wa lọ́gbọ́n. Ní 1944, nígbà tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n ń pè ní 81st Division gba àfonífojì Kaladan kọjá, ọkọ̀ ò lè bá wọn lọ. Orí ni àwọn alárù wọn fi ń ru ẹrù, ọkọ̀ òfurufú sì ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn. Ọmọ Nàìjíríà pọ̀ nínú wọn. Sójà tó ń jà ní tirẹ̀, àpò ẹ̀yìn ló ń gbé, kí ọwọ́ rẹ̀ lè di ìbọn mú. Òfin ọdẹ náà nìyẹn, àbí irọ́ ni mo pa?

Ọ̀rọ̀ yìí kò sì mọ sọ́dọ̀ wa. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí yìnyín ti ń bo òkè, bíi Switzerland àti Amẹ́ríkà, àwọn kan ń fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì sẹ́sẹ̀, wọ́n á máa yọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí yìnyín. Àwọn tó bá ya kúrò ní ojú ọ̀nà tí wọ́n ń ṣọ́ máa ń gbé àpò ẹ̀yìn kékeré. Ṣọ́bìrì kékeré wà nínú rẹ̀, àti ọ̀pá tó ṣeé ká, tí wọ́n fi ń wá ẹni tí yìnyín bá bò mọ́lẹ̀. Wọ́n tún ń de ẹ̀rọ kékeré mọ́ ara, èyí tó máa sọ ibi tí onítọ̀hún wà. Ibẹ̀ náà, ẹni tó kàn yà díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ló máa ń sọ pé, “Kò jìnnà, kí ni mo fẹ́ fi àpò ṣe?” Yìnyín ò sì mọ ẹni tí kò jìnnà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Yorùbá ní, “Igbó etílé tòun tẹ̀gbin.” Ẹni tó ń lọ sí ọ̀dàn jíjìn á di àpò rẹ̀ dáadáa, torí pé ẹ̀rù ń bà á. Ẹni tó ń lọ wo oko rẹ̀ lẹ́yìn ilé, ọwọ́ lásán ni yóò lọ. Àmọ́ paramọ́lẹ̀ wà lẹ́yìn ilé náà. Ní 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka oró ejò mọ́ àwọn àìsàn ilẹ̀ olóoru tí ayé ti pa tì, torí pé àwọn àgbẹ̀ àti ará oko ló ń pa jù. Bí ejò bá bu èèyàn jẹ, kí wọ́n má ṣe sín ojú ibẹ̀, kí wọ́n má fẹnu fà á, kí wọ́n má sì so ó pinpin. Ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà ni kí wọ́n mú dúró jẹ́ẹ́, kí wọ́n sì gbé onítọ̀hún lọ sí ọsibítù kíákíá. Fóònù tí iná wà nínú rẹ̀ àti aṣọ kan tí a lè fi gbé apá kọ́rùn, ṣé ìyẹn wúwo?

Lóde òní, ayé àpò ọdẹ ti yí padà. Apá ńlá nínú ọ̀dàn àtijọ́ ti di Old Oyo National Park láti 1991, ọdẹ ò sì gbọdọ̀ pa ẹran níbẹ̀ mọ́. Ní January 2020, àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀, ọdẹ sì wà lára àwọn tí wọ́n gbà síṣẹ́. Ẹran kọ́ ni wọ́n ń wá kiri nínú igbó báyìí, ààbò ìlú ni. Àpò tí wọ́n ń fà kọ́ lè jẹ́ ọ̀rá tàbí kánfáàsì láti òkè òkun, ṣùgbọ́n ìbéèrè inú rẹ̀ kò yí padà.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ra àpò tí ẹ máa gbé lọ sí oko, tàbí èyí tí ẹ máa gbé gun òkè Àdó-Àwáyé lọ wo adágún Ìyákẹ̀, ẹ má wo àwọ̀ rẹ̀ ṣáájú. Ẹ gbé e kọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ sáré díẹ̀. Bí ó bá ń lù yín ní ẹ̀gbẹ́, ẹ dá a padà. Kó gba omi, oúnjẹ díẹ̀, iná, ọ̀bẹ, aṣọ àti fóònù, kí àyè má sì pọ̀ jù nínú rẹ̀, torí pé àyè tó bá ṣófo, a ó wá nǹkan kan kó sí i ni. Ohun tí ẹ máa nílò nígbà ìpọ́njú ni kí ó wà lókè, níbi tí ọwọ́ ti máa kọ́kọ́ bà á.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Àpò tó máa mú wa padà délé ni kí a gbé, bí a tilẹ̀ ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé.