Ìfomikún aládàáṣiṣẹ́ fún àpótí ẹja òkun

Ètò yìí ló ń fi omi kún àpótí gíláàsì tí wọ́n fi ń sin ẹja òkun nílé, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé kẹ́ẹ̀gì. Omi a máa gbẹ lọ nínú ooru, ṣùgbọ́n iyọ̀ kì í bá a lọ. Lítà omi òkun kan ní iyọ̀ bíi gíráàmù 35. Bí omi bá ṣe ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni iyọ̀ ń le sí i. Nítorí náà, omi tí kò níyọ̀ rárá ni wọ́n ń fi kún un.

Omi bọ́ọ̀hóòlù lásán kò tó. Ẹ̀rọ tó ń fi ipá ti omi gba inú awọ tín-ínrín kọjá, irú èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ omi inú ọ̀rá kan ń lò, ló ń sọ ọ́ di mímọ́.

Fúlóòtù, ìyẹn ohun tó ń léfòó lójú omi, ni olórí iṣẹ́. Bí omi bá lọ sílẹ̀, á tan pọ́ńpù kékeré. Bó bá kún dé àmì, á pa á. Ọ̀pọ̀ onílé ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ lórí táǹkì omi ilé wọn. Àmọ́ fúlóòtù a máa há, omi á sì kún ilẹ̀ ilé. Ẹ fi fúlóòtù kejì sókè rẹ̀, kí ó lè pa pọ́ńpù bí ti àkọ́kọ́ bá há, kí ẹ sì lo ìkòkò kékeré fún omi tí pọ́ńpù ń fà, kí èyí tó lè dà sílẹ̀ má baà pọ̀.