Ilẹ̀ Adìmáyọ́ àti Ọ̀pá Epo Alaska

Olùkọ́ èdè ni mí, n kì í ṣe ẹnjiníà. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu bí mo bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọ̀pá epo. Ní 1943, Siemon Muller, onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta, kọ ìwé kan fún àwọn ológun Amẹ́ríkà. Inú ìwé náà ni ó ti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà permafrost. Bí ẹ bá ní kí n sọ ọ́ ní èdè wa, n ó pè é ní ilẹ̀ adìmáyọ́. Àwọn ará Rọ́ṣíà ti ń pè é ní ohun tí ó jọ òtútù ayérayé ṣáájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n irọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀ èyíkéyìí tí kò bá móoru ju òdo Celsius lọ fún ọdún méjì léraléra, ó ti yẹ ní ẹni tí à ń pè bẹ́ẹ̀. Ayérayé wo ni ó wà nínú ọdún méjì?

Ohun ojú rí ni ó bí ìwé Muller. Ní 1942, àwọn ológun Amẹ́ríkà la ọ̀nà gba inú Kánádà lọ sí Alaska. Wọ́n ha koríko àti ewédò orí ilẹ̀ kúrò, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti máa ń ṣe nílé. Wọn kò mọ̀ pé aṣọ ìbora ilẹ̀ ni wọ́n bọ́ sọnù. Oòrùn ta sí i, yìnyín inú rẹ̀ yọ́, ọ̀nà di ẹrẹ̀, ọkọ̀ sì rì. Ní ìlú Fairbanks, ilé tí wọ́n dá iná sí nítorí òtútù a máa yọ́ ilẹ̀ abẹ́ ara rẹ̀, a sì tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí ó mu ẹmu yó.

Ọdún 1968 ni wọ́n rí epo rọ̀bì rẹpẹtẹ ní Prudhoe Bay, ní etí òkun àríwá Alaska. Ní 1969, àwọn ilé-iṣẹ́ epo pinnu láti fi ọ̀pá tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó íǹṣì 48 gbé e lọ sí èbúté Valdez ní gúúsù, ìrìn nǹkan bí 800 ibùsọ̀. Èrò wọn ni láti ri èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Jàpáàǹ ni wọ́n ti ra ọ̀pá náà, apá àkọ́kọ́ rẹ̀ sì gúnlẹ̀ sí Valdez ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Wọn kò tíì bi ilẹ̀ léèrè dáadáa, wọ́n ti ra ẹrù tí wọn yóò gbé kà á láyà.

Ooru ni epo náà ń bá jáde láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀. Ní 1970, Arthur Lachenbruch, òṣìṣẹ́ àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń ṣe àyẹ̀wò ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣírò ohun tí ooru yìí yóò ṣe. Ó ní bí a bá ri ọ̀pá tí ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 4 sí ẹsẹ̀ bàtà 6 nísàlẹ̀, tí ooru rẹ̀ sì jẹ́ 80 Celsius, láàárín ọdún mélòó kan ilẹ̀ yóò yọ́ yí i ká ní fífẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 20 sí 30. Nígbà tí ó bá fi pé ogún ọdún, ilẹ̀ ìhà gúúsù yóò ti yọ́ jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 40 sí 50. Níbi tí yìnyín bá ti pọ̀ nínú ilẹ̀, ilẹ̀ náà lè di ọ̀gì, kí ó ṣàn lọ, kí ó sì fi ọ̀pá sílẹ̀ láìní àtìlẹ́yìn.

Ọ̀ràn wá di ti wíwádìí irú ilẹ̀ tí ó wà níbo. Wọ́n lu ihò lẹ́sẹẹsẹ ní ojú ọ̀nà náà, wọ́n sì ń fa ilẹ̀ dídì jáde bí ẹni ń fa mùdùnmúdùn inú egungun. Àpáta tàbí òkúta wẹ́wẹ́ tí yìnyín rẹ̀ kò pọ̀ lè yọ́ kí ó má sì rì. Iyẹ̀pẹ̀ kíkúnná tí ó kún fún yìnyín kò ṣeé gbára lé. Ibi tí iṣẹ́ yìí ti le jù ni pé ihò méjì lè sọ òtítọ́, kí yìnyín ńlá kan, tí ó fẹ̀ lókè tí ó mú ṣọnṣọ nísàlẹ̀, fara pamọ́ sí àárín wọn.

Lọ́dún 1970 kan náà, àwọn ọmọ onílẹ̀ Stevens Village àti àwọn ẹgbẹ́ tí ń dáàbò bo àyíká gba ilé ẹjọ́ lọ, adájọ́ sì dá iṣẹ́ dúró. Ìjọba yanjú ọ̀ràn ilẹ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ Alaska ní 1971. Òfin tí ó fàyè gba ọ̀pá náà jáde ní oṣù kọkànlá 1973. Àwọn kan ka ọdún wọ̀nyí sí àdánù. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìdádúró náà fún àwọn ẹnjiníà láyè láti gbọ́ ohun tí ilẹ̀ ń wí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe nítorí tiwọn ni àwọn ará abúlé ṣe pẹjọ́.

Nígbà tí epo wọ inú ọ̀pá náà ní ogúnjọ́ oṣù kẹfà 1977, nǹkan bí 420 ibùsọ̀ rẹ̀ wà lókè, lórí òpó tí ó tó 78,000. Wọ́n ki páàpù kéékèèké oní-amóníà bọ inú púpọ̀ nínú àwọn òpó náà. Nígbà òtútù, amóníà a gba ooru ilẹ̀, a di ooru fífẹ́, a gòkè lọ bá afẹ́fẹ́ tútù, a tún di olómi, a sì ṣàn padà. Ilẹ̀ a sì máa dì sí i. Owó iṣẹ́ tí wọ́n rò pé kò ní tó bílíọ̀nù dọ́là kan di bílíọ̀nù 8.

Wọ́n wádìí ibi tí ilẹ̀ ti là ní Denali pẹ̀lú, wọ́n sì gbé ọ̀pá sórí irin gbọọrọ níbẹ̀ kí ó lè yọ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ní oṣù kọkànlá 2002, ìmìtìtì ilẹ̀ tí agbára rẹ̀ jẹ́ 7.9 sún ilẹ̀ ibẹ̀ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 14. Epo kò dà sílẹ̀.

Síbẹ̀, ayé ń móoru sí i. Ní 2021, wọ́n ní láti ki nǹkan bí 100 páàpù amóníà mìíràn bọ ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan ní àríwá Fairbanks, nítorí pé ilẹ̀ adìmáyọ́ ti ń yọ́ níbẹ̀, àwọn òpó sì ti ń tẹ̀.